Lẹ́tà Tí Wọ́n Fi Ń Ka Owó Késárì

Bí owó idẹ bá ti sùn sínú ilẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún kan àti ààbọ̀, kì í jáde bó ṣe wọlé. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé á ti bò ó, imú ọba tó wà lójú rẹ̀ á ti tẹ́, ìdajì ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ yí etí rẹ̀ ká á sì ti pòórá. Ní nǹkan bí ọdún 1550, àgbẹ̀ tó bá fi ọkọ́ kan irú owó Róòmù bẹ́ẹ̀ lóko rẹ̀ ní Ítálì tàbí ní gúúsù ilẹ̀ Faransé lè gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ, kí alágbẹ̀dẹ sì yọ́ ọ dà sínú iṣẹ́ mìíràn. Àmọ́ bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọyì rẹ̀, ìbéèrè ló máa bí. Ọba wo nìyí? Ọdún wo ni wọ́n rọ owó yìí? Kí ló wà níbi tó ti parẹ́? Kò sí ìwé tó máa dá a lóhùn, nítorí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ò tíì pọ̀ láyé, díẹ̀ tó sì wà kún fún àṣìṣe. Ohun tó kù fún un ni pé kó mú kálàmù, kó kọ lẹ́tà sí ẹlòmíràn tó ní irú owó náà ní ìlú tó jìnnà.

Lẹ́tà yẹn ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Láàárín ọdún 1500 sí 1700, irú rẹ̀ rìn káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù láìsinmi, láti Antwerp dé Róòmù, láti Tarragona dé Augsburg, láti Aix dé Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn èèyàn sábà máa ń rò pé àpótí owó àwọn ọlọ́lá ni ìmọ̀ nípa owó àtijọ́ ti jáde. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àpótí lásán kò kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Owó kan ṣoṣo tó ti họ kò lè sọ ìtàn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ti ọkùnrin kan ní Antwerp bá ṣì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, tí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Róòmù ní ìparí rẹ̀, tí ti ẹnì kẹta ní ọdún oyè ọba láàárín, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè to ọ̀rọ̀ náà pé, bí ẹni ń to àfọ́kù ìkòkò, láìsí pé owó kankan kúrò nílé olówó rẹ̀.

Ta ni àwọn èèyàn wọ̀nyí? Hubert Goltzius, ayàwòrán kan ní ilẹ̀ Flanders, rìnrìn àjò láàárín ọdún 1558 sí 1560 kọjá ní ilẹ̀ Jámánì, Ítálì àti Faransé, ó ń wọlé ó ń jáde nílé àwọn tó ń ṣa owó àtijọ́ jọ. Nígbà tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí Julius Caesar jáde ní 1563, ó to orúkọ àwọn tó gbà á lálejò sẹ́yìn ìwé náà, iye wọn sì sún mọ́ 1,000. Àwọn ọba àti kádínà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn amòfin, oníṣègùn àti àlùfáà náà kún inú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ orúkọ yẹn wúlò fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ ju bí a ṣe lè rò lọ, nítorí pé ó jẹ́ kí ẹni tó wà ní Bruges mọ ẹni tó yẹ kó kọ̀wé sí ní Naples.

Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ló ń bọ́ wọn, owó àtijọ́ ló ń gba oorun lójú wọn. Abraham Ortelius ní Antwerp ni gbogbo ayé mọ̀ sí ẹni tó ṣe ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé ní 1570. Ní 1573 òun kan náà tẹ ìwé àwòrán orí àwọn òrìṣà Róòmù tó wò lára owó tirẹ̀. Adolf Occo jẹ́ oníṣègùn ní Augsburg. Antonio Agustín jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Tarragona ní Sípéènì, ó sì ń kọ̀wé sí Fulvio Orsini tó wà ní Róòmù. Èdè Látìnì ni púpọ̀ nínú wọn fi ń kọ̀wé síra wọn, àwọn mìíràn fi èdè Ítálì tàbí Faransé. Ìjà ẹ̀sìn ń pa èèyàn ní ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà, ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ Páàdì àti Pùròtẹ́sítáǹtì ń bi ara wọn léèrè nípa irùngbọ̀n Késárì kan láìbínú.

Bí lẹ́tà bá máa wúlò, ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń ṣàpèjúwe ohun tí ẹni tó máa kà á kò ní rí. Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti le. Ẹ jẹ́ ká mú owó idẹ ńlá kan tí Késárì Nero ní kí wọ́n rọ ní nǹkan bí ọdún 65 lẹ́yìn ìbí Jésù. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ sọ irú irin tó jẹ́, á wá sọ bó ṣe tóbi tó, nítorí wọ́n pín owó idẹ sí ńlá, àárín àti kékeré. Á bọ́ sójú owó: orí ọba ni, ó dé adé ewé, ó kọjú sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Á da ọ̀rọ̀ tó yí orí náà ká kọ bó ṣe rí gan-an. Níbi tí wọ́n bá ti gé oyè kúrú, òun náà á gé e kúrú. Níbi tó bá ti parẹ́, á to àmì ìdánudúró díẹ̀ síbẹ̀ kí ẹni tó ń kà á mọ̀ pé nǹkan kan ti wà níbẹ̀ rí. Á wá yí owó náà padà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tẹ́ńpìlì òrìṣà Janus wà, ilé kékeré kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, ọ̀rọ̀ tó yí i ká sì ń sọ pé àlàáfíà ti dé fún àwọn ará Róòmù lórí ilẹ̀ àti lórí òkun, Nero sì ti ilẹ̀kùn Janus. Ẹni tó bá ti ka Suetonius, tó kọ ìtàn ayé àwọn Késárì, á rántí pé òun náà sọ pé Nero ti tẹ́ńpìlì yẹn. Owó àti ìwé wá ń jẹ́rìí síra wọn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà lára irú owó Nero yẹn tó rọrùn láti fojú fò. Àwọn kan nínú wọn ní ohun róbótó kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ọrùn ọba, kò ju orí abẹ́rẹ́ ńlá lọ. Ẹni tó ń kánjú á rò pé àbùkù irin ni, kò sì ní kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Lónìí a mọ̀ pé àmì ibi tí wọ́n ti rọ owó náà ni: Lyon ni, kì í ṣe Róòmù. Gbogbo ẹni tó kọ róbótó yẹn sílẹ̀ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe oore fún àwọn tí a ò tíì bí. Lójú mi, ìwà tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, kéèyàn kọ ohun tó rí, kì í ṣe ohun tó fẹ́ kó wà níbẹ̀.

Nọ́ńbà ọdún oyè náà le bákan náà. Késárì máa ń jẹ́ kí wọ́n kọ iye ìgbà tó ti jẹ oyè kọ́ńsúlì àti iye ọdún tó ti di agbára oyè tíríbúnì mú sára owó. Igi gbọọrọ ni nọ́ńbà Róòmù. Igi kan ni ọ̀kan, igi méjì ni méjì, igi mẹ́ta ni mẹ́ta. Bí igi kan bá parẹ́ ní etí owó, ogun tí ọba jà lè sún sẹ́yìn ní ọdún kan gbáko nínú ìwé ìtàn. Ìdí nìyí tí o fi máa ń rí i pé wọ́n ń bẹ ara wọn nínú lẹ́tà pé kí ọ̀rẹ́ tún gbé owó rẹ̀ síwájú fèrèsé, kó tún ka igi náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu kálàmù kò bá tó, wọ́n á fi ẹ̀dà ránṣẹ́. Ayàwòrán lè yà á, ṣùgbọ́n ayàwòrán máa ń fẹ́ ṣe ojú ọba lẹ́wà, á tún imú tó ti tẹ́ ṣe, á parí ọ̀rọ̀ tí kò pé. Ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ lára owó fúnra rẹ̀ ló ṣeé gbára lé. Wọ́n máa ń tẹ owó náà mọ́ ìda, tàbí kí wọ́n fi imí ọjọ́ tí wọ́n yọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, bó bá sì ti gbẹ, á gbé ojú ọba, àlà owó àti gbogbo ìhọ ara rẹ̀ jáde. Irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ fúyẹ́, kò sì dá olè lọ́rùn. Ohun tí kò lè sọ ni ìwọ̀n. Nítorí náà wọ́n máa ń gbé owó sórí òṣùwọ̀n àwọn oníwúrà, kí wọ́n sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dà náà.

Ẹni tó mú iṣẹ́ yìí dé góńgó ni Nicolas-Claude Fabri de Peiresc. Wọ́n bí i ní 1580 ní Belgentier, ní Provence. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Pierre Gassendi, tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní 1641, sọ pé owó wúrà Késárì Arcadius kan tí wọ́n rí nítòsí ilé wọn ló gba ọkàn rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé. Ó ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó sì gbé e sáré tọ arákùnrin bàbá rẹ̀ lọ. Ó kàwé ní Padua, ó di adájọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga ìlú Aix ní 1607, ó sì fi gbogbo ìyókù ayé rẹ̀ kọ lẹ́tà. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé lẹ́tà tó kọ tó 10,000. Ó ní ìwé tó ń kọ orúkọ ẹni tó kọ̀wé sí àti ọjọ́ rẹ̀ sí, kó má baà gbàgbé ẹni tó jẹ ẹ́ ní èsì.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa Peiresc ni pé ó mọ bí a ṣe ń béèrè. Kì í kọ̀wé pé kí ọ̀rẹ́ òun fi ohun tó dára ránṣẹ́. Ó máa ń là á sílẹ̀ fínnífínní: irú owó báyìí, ibi báyìí lára rẹ̀ ni kó wò, báyìí ni kó ṣe wọ̀n ọ́n. Nípasẹ̀ àwọn oníṣòwò Marseille, lẹ́tà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní Aleppo àti ní Cairo, níbi tí owó àtijọ́ ti ń jáde látinú ilẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó ti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1606, ó mọ òpìtàn William Camden níbẹ̀, wọ́n sì jọ ń kọ̀wé síra wọn lórí owó tí àwọn ọba Britain ìgbàanì rọ, èyí tó ṣòro láti kà nítorí pé kò sí òpìtàn Róòmù kan tó ṣàlàyé rẹ̀.

Peter Paul Rubens, ayàwòrán ńlá ti Antwerp, wà lára àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èdè Ítálì ni Rubens fi ń kọ̀wé sí i. Ní 1620 Peiresc rí òkúta olówó iyebíye ńlá kan nínú ìṣúra ilé ìjọsìn Sainte-Chapelle ní Paris. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn àlùfáà ti ń sọ pé Jósẹ́fù ní ààfin Fáráò ni wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀. Peiresc wò ó, ó rí i pé ìdílé Késárì Tiberius ni. Báwo ló ṣe mọ̀? Òkúta kò ní orúkọ lára, ṣùgbọ́n owó ní. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ojú Augustus, Tiberius àti àwọn ọmọ ilé wọn lára owó, tí orúkọ kọ̀ọ̀kan wà létí rẹ̀, yóò dá wọn mọ̀ níbi tí orúkọ kò sí. Òun àti Rubens fi lẹ́tà jíròrò àwọn ojú wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbèrò láti fi irú òkúta bẹ́ẹ̀ ṣe ìwé. Ìwé náà kò jáde nígbà ayé wọn. Lẹ́tà wọn ló kù.

Bí lẹ́tà ṣe rọrùn láti rán, bẹ́ẹ̀ ni owó fúnra rẹ̀ ṣòro láti gbé. Ìrìn àjò Jean Foy-Vaillant jẹ́ ká mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oníṣègùn ni ní Beauvais, Colbert, mínísítà ọba Faransé, sì ń rán an kiri láti ra owó àtijọ́ fún Louis XIV. Ní 1674 àwọn ajalè ojú omi láti Algiers mú ọkọ̀ ojú omi tó wọ̀, wọ́n sì dá a dúró fún oṣù mẹ́rin àti díẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n dá nǹkan bí ogún owó wúrà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ padà fún un. Lójú ọ̀nà ilé, ọkọ̀ ajalè mìíràn tún yọ. Vaillant kó owó wúrà náà sẹ́nu, ó gbé wọn mì. Afẹ́fẹ́ yí padà, ọkọ̀ wọn bọ́, ó sì gúnlẹ̀ nítòsí ẹnu odò Rhône pẹ̀lú ìnira nínú ikùn. Wọ́n sọ pé nígbà tó dé Lyon, ó ṣàlàyé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ aṣàkójọ àwọn tó ti jáde àti àwọn tó kù sínú, ọ̀rẹ́ náà sì ti ra owó Késárì Otho kan kó tó jáde rárá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ti Otho? Oṣù mẹ́ta péré ni Otho fi jọba, láti oṣù kìíní sí oṣù kẹrin ọdún 69. Owó rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ní gbogbo Késárì ní ìtẹ̀léra kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ihò á wà nínú àpótí rẹ̀. Èyí tó sì wá le jù ni ti idẹ. Àwọn aṣàkójọ wá Otho onídẹ kiri, wọ́n ń bi ara wọn léèrè nínú lẹ́tà: ṣé o ti rí ọ̀kan? Ṣé ojúlówó ni? Ìdáhùn tí gbogbo lẹ́tà yẹn bí níkẹyìn ni pé ilé iṣẹ́ owó ní Róòmù rọ wúrà àti fàdákà ní orúkọ Otho, kò rọ idẹ; idẹ tó ní orúkọ rẹ̀ wá láti apá ìlà oòrùn, láti Antioch. Kò sí ẹni tó lè fi àpótí tirẹ̀ nìkan mọ èyí. Ó pọn dandan kí ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìlú púpọ̀ sọ pé àwọn ò rí i, kí àìrí náà tó di ẹ̀rí.

Níbi tí èèyàn ti ń wá nǹkan bẹ́ẹ̀ lójú méjèèjì ni ayédèrú ti ń wọlé. Ní Padua, Giovanni da Cavino, tó kú ní 1570, gbẹ́ irin ìtẹ̀ owó tirẹ̀, ó sì fi rọ àwòkọ owó idẹ ńlá àwọn Késárì lọ́nà tó jáfáfá débi pé wọ́n ṣì ń pè wọ́n ní owó Padua títí dòní. Púpọ̀ nínú àwọn irin ìtẹ̀ náà wà ní ilé ìkówèésí ìjọba ní Paris báyìí. Enea Vico dárúkọ Cavino nínú ìwé tó tẹ̀ ní Venice ní 1555, ó sì kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè dá ayédèrú mọ̀. Èyí tí wọ́n bá dà sínú ohun ìdà máa ń ní ihò wínníwínní lára, etí rẹ̀ á rí bí ọṣẹ tó ti yọ́ díẹ̀, ẹni tó ṣe é á sì fi ayùn họ ojú àpapọ̀ rẹ̀. Ti Cavino kò ní ihò, rírọ ni wọ́n rọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń fẹ̀, ó sì máa ń fẹ́lẹ́, kò sì sí ìhọ ọjà lára rẹ̀. Lẹ́tà tún wúlò níbẹ̀ ju ojú lọ: bí ẹni mẹ́ta ní ìlú mẹ́ta bá fi ẹ̀dà ránṣẹ́, tí àbùkù kan náà gan-an wà lójú ibì kan náà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ti mọ̀ pé ìdà kan ló bí wọn.

Àríyànjiyàn ńlá kan tún wà nígbà náà tí ó máa jọ ọmọdé lójú òǹkàwé òde òní. Sebastiano Erizzo sọ ní 1559 pé àwọn idẹ ńlá yìí kì í ṣe owó rárá, pé ẹ̀bùn àpọ́nlé ni wọ́n, nítorí pé wọ́n lẹ́wà jù fún ọjà. Vico ní owó ni. Mo gbà pé Erizzo kò ya òmùgọ̀; ẹni tó bá rí tẹ́ńpìlì Janus yẹn, pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀ àti ọ̀ṣọ́ òkè rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sórí irin tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, yóò ṣòro fún un láti gbà pé wọ́n fi ń ra ẹja. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn tó sún mọ́ra, bí wọ́n ṣe pọ̀ tó nínú ilẹ̀, àti ìhọ tí ọwọ́ ọlọ́jà fi sí wọn lára, gbogbo rẹ̀ gbè sẹ́yìn Vico.

Látinú lẹ́tà ni àwọn ìwé ńlá ti jáde. Orsini tẹ ìwé lórí owó àwọn ìdílé Róòmù ní 1577, ó tò wọ́n ní ìdílé ní ìdílé. Occo tẹ tirẹ̀ ní 1579, ó to owó àwọn Késárì ní ọdún ní ọdún, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni tó bá ní owó tí kò sí nínú rẹ̀ lè kọ̀wé sí i, ó sì tún ìwé náà tẹ̀ ní 1601. Agustín kọ ìwé rẹ̀ bí ìtàkùrọ̀sọ, ó jáde ní 1587 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Èrò rẹ̀ níbẹ̀ ni pé owó àti òkúta tí wọ́n kọ̀wé sí ṣeé gbà gbọ́ ju ohun tí àwọn òǹkọ̀wé sọ lọ. Ó tó igba ọdún lẹ́yìn náà kí Joseph Eckhel ní Vienna tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ìdìpọ̀ mẹ́jọ láàárín 1792 sí 1798, tó fi ìmọ̀ owó àtijọ́ lélẹ̀ lórí ìtò tí a ṣì ń lò.

Ẹni tó bá rò pé ìṣàpèjúwe fínnífínní kò tó ohun tí èèyàn ń fi ayé rẹ̀ ṣe, kó wo ti Childeric. Ní 1653, òṣìṣẹ́ kan tó ń gbẹ́lẹ̀ ní Tournai hú ibojì ọba àwọn Frank yìí, tó kú ní nǹkan bí ọdún 481. Owó wúrà tó lé ní ọgọ́rùn-ún wà níbẹ̀. Jean-Jacques Chifflet, oníṣègùn gómìnà ilẹ̀ náà, kọ ìwé lé ibojì náà lórí ní 1655. Ó ya àwòrán ohun tó wà níbẹ̀, ó to owó náà ní ọba ní ọba, ó sì fi hàn pé Késárì Zeno ló gbẹ̀yìn nínú wọn, èyí tó bá ọdún ikú Childeric mu. Ìṣúra náà bọ́ sọ́wọ́ Louis XIV, wọ́n sì gbé e sí ilé ìkówèésí ọba ní Paris. Ní 1831 àwọn olè fọ́ ibẹ̀, wọ́n sì yọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wúrà náà. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ibojì yẹn lónìí, ìwé Chifflet la ní láti ṣí.

Lẹ́tà Peiresc púpọ̀ wà ní ilé ìkówèésí Inguimbertine ní Carpentras, díẹ̀ lára wọn jáde ní ìdìpọ̀ méje láàárín 1888 sí 1898. Àwọn onímọ̀ owó ní Yúróòpù ń tú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ síta báyìí, èyí tí wọ́n kọ ṣáájú ọdún 1800, kí gbogbo ayé lè kà wọ́n. Ohun tí wọ́n ń wá nínú wọn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí Peiresc ń béèrè: àpótí ta ni owó yìí ti wá, ọwọ́ ta ló ti kọjá, ìgbà wo ni ayédèrú yìí kọ́kọ́ yọjú, àti kí ló wà lára owó náà nígbà tó ṣì ṣeé kà.